Ojú Alhaja Nínú Odò Wọn

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ohun tí ojú mi rí, torí láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti gba ọ̀fun mi lọ dáadáa. Mi ò kọ ọ́ láti fi pa yín lẹ́rìn-ín o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín níbì kan. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní kì í ṣe orí mi ni fìlà tí ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀ yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere.

Mo ti parí yunifásítì, mo ti sin ìlú tán, mo ti padà sílé màmá mi ní Èjìgbò, iṣẹ́ ò sì tíì sí. Ẹni tó bá ti wà nírú ipò yìí rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, àyà mi á tún já. Màá dédé jí ní ìdájí, màá wá máa ro ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹnì kan nígbà tí mo wà níléèwé, bóyá ó dun ẹni náà. Ṣé èmi nìkan ló ń ṣe báyìí ni?

Àǹtí mi tó ń gbé ní Abíjàn ló kíyè sí i pé mò ń rù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, aṣọ ló ń tà níbẹ̀, Ọlọ́run sì ti bù kún un. Ó fi básíkù kan ránṣẹ́ sí mi nínú ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ wálé, pupa fòò, tòun ti gíà. "Vẹ́lò" lòun máa ń pè é. Ó ní kí n máa gùn ún kí n yéé ronú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣiṣẹ́!

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìsúndùnrìn jáde ní Èjìgbò, tí ẹ sì yà sí ọ̀nà tóóró kan tí ọ̀dà ti hó lára rẹ̀, ẹ ti dé ibi ìtura mi nìyẹn. Ọkọ̀ kì í fẹ́ gbabẹ̀, torí ọ̀nà míì tó dára jù ú lọ wà. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gun òkè, ẹ sọ̀ sí àfonífojì, ẹ tún gun òkè. Tí mo bá ń gòkè, mí ni mò ń mí, kò ní sí àyè fún àníyàn kankan láyà mi. Tí mo bá dé orí òkè, màá rí ìkùukùu tó tẹ́ lé odò nísàlẹ̀ bí òwú, oko ẹ̀gẹ́ lápá kan, igi kaṣú lápá kejì. Kò sí họ́ọ̀nù. Kò sí ẹni tó ń bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Èmi àti ìró ṣéènì mi nìkan ni.

Nísàlẹ̀ òkè kẹta, afárá kékeré kan wà, abúlé kan sì wà létí odò náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ máa rí ìdí. Odò yẹn làwọn obìnrin abúlé ń pọn mu, nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe láfún. Ìyá Sámù ni mo mọ̀ jù nínú wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí èmi àti híjáàbù mi lórí básíkù, ó pariwo pé, "Ẹ wá wo ẹléhàá tó ń sá lọ o!" Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Oníbásíkù ni orúkọ mi lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó béèrè ni Ìyá Sámù á ti bu omi tútù inú ìkòkò fún mi, á sì dúró tì mí títí màá fi mu ún tán.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àǹtí.

Àǹtí lọ Mẹ́kà lọ́dún yìí, ó sì wálé wá ṣe àdúrà ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n pa màlúù, wọ́n se ìrẹsì, ilé kún. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí: gbogbo ohun tí wọ́n pín fún àlejò ni wọ́n tẹ ojú Àǹtí sí. Ọ̀rá ìkẹ́rù, abẹ̀bẹ̀, fìlà tó ń ṣíji bo ojú. Ojú Àǹtí tó ń rẹ́rìn-ín, eyín wúrà tuntun ń dán lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà, Alhaja wa."

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe àwa tí a jẹ́ ẹbí sí yàrá, ó bu omi sàmúsàmú, omi mímọ́ tó gbé ti Mẹ́kà bọ̀, fún wa nínú ife kékeré. Ó ní ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń gba ife, ẹ̀kán kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n lá a. Mo lá a! Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní tí òun bá ń padà lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà ń bá òun lọ sí Abíjàn. Ó ní èmi ni màá máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù òun kejì. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun mọ́jú. Iṣẹ́! Èmi Ṣẹ́rífátù náà níṣẹ́!

Bí inú mi ṣe dùn tó nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú tí mo gbé básíkù. Mo ní kí n lọ dágbére fún ọ̀nà mi, kí n sì dágbére fún Ìyá Sámù. Kí oòrùn má bàa pa mí nígbà tí mo bá ń bọ̀, mo mú fìlà kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù, mo dé e lé híjáàbù mi. Ẹ fi fìlà yìí sọ́kàn.

Mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kẹta, mi ò tẹ bíréèkì, mò ń kọrin, ẹnu mi là gbàǹgbà. Eṣinṣin ńlá kan wọlé. Kì í ṣe pé ó kàn mí létè o. Ó wọ ọ̀fun! Mo hú ikọ́ títí, kò jáde. Kí n tó sọ pé kí ló dé, òórùn kan gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìlẹ̀kùn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé òórùn náà. Ó nípọn. Ó lẹ̀ mọ́ mi lára.

Nígbà tí mo dé afárá, mo rí i. Àwọn àpò kan ti bẹ́ sínú odò. Ìfun màlúù ti wú bíi túbù táyà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ìgbẹ́ inú màlúù ti fọ́n ká, omi náà ti di àwọ̀ ewé. Ìrẹsì tó ti kan ń léfòó, pámpáàsì tó ti mu omi yó sùn lé e, ìdin ń rìn lórí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sóko. Mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, inú ohun tí mo bì ni mo sì ti tún rí eṣinṣin mi. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kó kó yín nírìíra bó ṣe kó mi ni.

Àwọn obìnrin mẹ́rin wà nínú omi, wọ́n ń fi igi ti nǹkan. Ìyá Sámù ń fa àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jáde.

"Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti rẹ ẹ́," ló ń sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

"Ajá gan-an á wò ó, á ní òun ti jẹun," ni Ìyá Ṣìkírà dá a lóhùn. Ìyá Ṣìkírà yìí, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ìbáà jẹ́ nílé òkú.

Ìyá Sámù kí mi, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò bu omi fún mi. Ìyẹn dùn mí débi pé ẹnu mi yà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé tí inú bá bí mi, mo máa ń ṣàlàyé jù. Mo ní ẹni tó bá lè da irú èyí sínú omi tí èèyàn ń mu, ẹranko ni. Mo ní kò nítìjú. Mo ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn ò tọ́ ọ dáadáa. Mo ní ká ní mo mọ ilé náà ni, màá lọ síbẹ̀ fúnra mi, màá lọ sọ ọ́ sí wọn lójú!

"Ọmọ Oníbásíkù, má wulẹ̀ ṣe ara rẹ ní wàhálà," ni Ìyá Ṣìkírà wí. Ó fi igi gbé ọ̀rá kan sókè nínú ìdọ̀tí náà, omi ń kán lára rẹ̀. "Ẹni náà rèé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kí i, ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Alhaja, ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà o! Ẹ̀bùn tí ẹ mú bọ̀ fún wa rèé?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín ìkorò. Ìyá Ṣìkírà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe wò mí. Kì í ṣe ojú mi ló wò. Òkè ojú mi ló ń wò. Ẹnu tí kì í gbófo yẹn gbófo.

"Ọmọ Oníbásíkù, tẹrí ba kí n wo nǹkan."

Àgbà ló sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tẹrí ba! Ó gbé ọ̀rá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà orí mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Eyín wúrà náà rèé. Ìbejì ni wọ́n!"

Mo lè parọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé irọ́ náà ti dé ẹnu mi: ẹnì kan ló fún mi ní fìlà yìí lójú pópó, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ta ló máa jiyàn? Àmọ́ mo wo ẹ̀gẹ́ Ìyá Sámù tó dúdú lórí koríko, ẹnu mi sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Àǹtí mi ni, mà."

Ìyá Ṣìkírà rọra sọ ọ̀rá náà kalẹ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìwọ lo pè é ní ẹranko o. Àwa ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Sámù jáde nínú omi, ó fi ìró nu ọwọ́, ó wá di ọwọ́ básíkù mi mú jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní àwọn ò bá mi jà. Ó ní básíkù á sinmi lọ́dọ̀ òun, kò sì ní sọnù, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gùn níbẹ̀.

"Máa lọ sílé. Sọ fún Alhaja pé kó wá kó ojú rẹ̀ nínú omi wa."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí Èjìgbò. Òkè tí mo máa ń gùn tayọ̀tayọ̀ di ìyà. Mo kọ́kọ́ bínú sí wọn pé wọ́n gba básíkù mi. Lẹ́yìn náà, mo bínú sí ara mi pé básíkù ni mò ń rò nígbà tí wọn ò ní omi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń wá àwíjàre fún Àǹtí lọ́kàn mi: kò mọ̀, ó dájú pé kò mọ̀, tó bá ti gbọ́ báyìí ara rẹ̀ kò ní gbà á. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa bọ́ sínú mọ́tò, tó máa lọ bẹ̀ wọ́n. Ìtìjú kékeré, kí ọ̀rọ̀ sì tán.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi bútà ṣe àlùwàlá fún ìrun wàláhà. Màmá mi ń po tíì.

"Bọ̀ǹjúù, ọmọ mi. Vẹ́lò dà?" Àǹtí ló fi Faransé kí mi bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó ń fọ ẹsẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó bi mí bóyá òun lòun wa Márúwá. Ó ní òun pe ọmọkùnrin onímárúwá kan, òun ní kó bá òun kó ìdọ̀tí lọ, ó sì kó o lọ. Kí ló tún kù? Mo bi í bóyá ó béèrè ibi tó ń kó o lọ.

"Ṣẹ́rífátù, ìwọ ti rí ẹni tó béèrè ibi tí ìdọ̀tí ń lọ rí?"

Mo ní Àǹtí, ojú yín wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ojú mi? Nínú ìgbẹ́?" Ó gbé bútà sílẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó tutọ́. Mo ní háà, ó ti yé e! Inú mi dùn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi dùn gan-an. Èmi náà mọ bí ìríra yẹn ṣe ń rí, mo wá rò pé àwa méjèèjì ti wà lójú kan náà.

Ó ní kí n mú àpò, kí n padà lọ kíákíá, kí n lọ ṣa gbogbo ohun tí ojú òun wà lára rẹ̀ wá.

Mo ní ìyókù ńkọ́?

Ó ní, "Ìyókù, omi á gbé e lọ."

"Omi á gbé e lọ síbo, Àǹtí?"

"Síwájú."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìfun yẹn kó mi nírìíra, ìdin yẹn kó mi nírìíra, àmọ́ kò sí èyí tó ṣe mí bíi "Síwájú" yẹn. Ẹni tí mo fẹ́ràn ló sọ ọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tó mọ́ gaara fọ̀! Ó tún ní kí n má da ara mi láàmú nítorí básíkù, vẹ́lò pọ̀ ní Abíjàn, òun á ra èyí tó jù ú lọ. Ó ní kí ló tiẹ̀ dé tí mo dé fìlà náà lọ síbẹ̀, tí mi ò sì mọ̀ ọ́n bọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wá jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Àǹtí, ká ní ẹnì kan ló da ìfun sínú sàmúsàmú ńkọ́?"

"Ṣẹ́rífátù!" Màmá mi ló pariwo. Tíì dà nù.

Àǹtí ò pariwo. Ó ní tí mo bá kó ojú òun wálé, tí mo sì pa ẹnu mọ́, ká máa múra ìrìn àjò. Àmọ́ tí mo bá ń gba ẹjọ́ abúlé rò lórí òun, òun á mú ẹlòmíràn lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun kò fẹ́ ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù. Ó dìde, ó lọ kírun.

Màmá mi fà mí wọ inú ilé. Ó ní ṣé mo fẹ́ ba ayé ara mi jẹ́ nítorí omi oníláfún ni. Mi ò lè bínú sí i. Òun náà ti ń dúró de iṣẹ́ yìí tipẹ́ jù mí lọ.

Láná Ọjọ́bọ̀, mo mú àpò àti ìbọ̀wọ́ onírọ́bà, mo fẹsẹ̀ rìn padà lọ. Mo wọ inú odò. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni mo kó o, gbogbo rẹ̀ ni. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ṣìkírà dúró lórí afárá, ó ń pè mí ní "àgùnbánirọ̀ inú odò." Ó ní níléèwé tí mo lọ, ṣé ìfun ni wọ́n fi ń gboyè? Nígbà tó yẹ̀yẹ́ mi tán, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọlé tọ̀ mí wá. A ya àwọn ọ̀rá olójú sọ́tọ̀ létí odò, a gbẹ́ kòtò jìnnà sí omi, a kó ìyókù bò mọ́lẹ̀. Omi náà ò tíì mọ́ o. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣì ti ń pọnmi.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, mo rí ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ìyá Sámù ti fọ gbogbo ọ̀rá olójú náà pẹ̀lú ọṣẹ, ó ti sá wọn sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí aṣọ ọmọ tuntun. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Ojú Àǹtí mi ló tò lọ rẹrẹ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà.

Mo béèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní òun ń tọ́jú wọn de ẹni tó ni wọ́n ni, ojú èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń jù sínú ìgbẹ́. Ó wá ti básíkù mi jáde, ó ti nù ún, adìyẹ ti yàgbẹ́ sórí ìjókòó rẹ̀, ó sì ti nu ìyẹn náà. Ó ní kí n máa mú un lọ.

"Ìwọ kọ́ ni mo ránṣẹ́ pè. Tó o bá sì fẹ́ kó àwọn ọ̀rá yìí, kó wọn. Mi ò ní dì ọ́ lọ́wọ́."

Mi ò kó wọn. Mi ò gba básíkù. Mo rìn wálé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀: kò sí ibi tí a lè ní kí wọ́n bá wa da ìdọ̀tí sí tí kì í ṣe iwájú ilé ẹnì kan. Èmi pàápàá jẹ nínú màlúù yẹn, mi ò sì béèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ sọ tiyín fún mi, kí n lè mọ̀ pé orí mi pé.

Òní ni Jímọ̀. Àǹtí ń lọ lọ́la lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Báàgì mi ṣì wà lórí báàgì rẹ̀ ní pálọ̀, màmá mi ò jẹ́ kí n gbé e kúrò. Àwọn ọ̀rá náà ti gbẹ, wọ́n mọ́ tónítóní, mo lè kó gbogbo wọn wálé kí oòrùn tó wọ̀, kí n sì di aláṣẹ ṣọ́ọ̀bù ní Abíjàn. Ìyá Sámù ò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Àbí kí n lọ kúnlẹ̀ fún Àǹtí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí odò náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo mọ èsì tó máa fún mi? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Fìlà yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti àná ni mo ti fẹ́ jù ú nù, mo sì ti gbé e rìn yí ilé ká títí ó fi sú mi. Ẹ bá mi dá sí i. Ibo ni kí n jù ú sí?